Ohun Tí A Kò Dì Sínú Ẹrù Ọmọ

Bí ọmọ bá ti gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, kí ó tó dárúkọ fún wa, mo ti máa ń mọ ohun tó ń já àwọn òbí rẹ̀ láyà. Ìyá tí ebi pa nígbà èwe yóò kó oúnjẹ kún àpò náà dẹ́nu. Ìyá tí àìsàn ti fojú rẹ̀ rí màbo yóò kó oògùn tí kò ní lò sí i. Bàbá tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ yóò ra bàtà tuntun méjì fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀ ti máa ń pè mí láti wá tọ́jú àwọn ọmọ nígbà àgọ́ ọlidé. Yíyẹ ẹrù wò jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa rẹ̀ ni pé ẹrù àwọn ọmọ wa ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn tó fẹ́ tọ́jú wọn mọ̀ nípa wọn ń dín kù. A ń di ohun gbogbo fún ọmọ, ọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà là ń fi sílẹ̀ sílé.

Àṣà kí á kó ọmọ jọ sí àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pẹ́ láàárín wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907 ni Robert Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ àgọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scout ti ṣẹ̀, ó sì dé Nàìjíríà ní 1915. Boys' Brigade ti dé Èkó ṣáájú rẹ̀, ní 1908. Ọdún 1908 yìí náà ni àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Amẹ́ríkà dá Royal Ambassadors sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí RA lónìí. Nígbà tó di 1954, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn, MSSN, sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ náà ló sì sọ ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé tí a ń pè ní IVC di ohun tí àwọn ọmọ ń fojú sọ́nà fún. Ní Ọ̀fà, níbi tí ẹ̀sìn méjèèjì ti wà nínú agboolé kan náà, kò ṣàjèjì kí ọmọ kan máa lọ sí àgọ́ RA, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ máa lọ sí IVC, kí ìyá àgbà kan ṣoṣo sì din ànàmọ́ fún àwọn méjèèjì. Èkíní yóò mú Bíbélì, èkejì yóò mú kẹ́tù àlùwàlá àti ẹní ìkírun. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrù kan náà ni wọ́n ń dì: ẹní, aṣọ ìbora, àwo, ṣíbí, garawa, ọṣẹ, iná tọ́ọ̀ṣì.

Àgọ́ lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kí á gbé ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun. Àwọn baba wa ń rán ọmọ lọ sí àbà, wọ́n ń rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, wọ́n ń mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹrù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ju ìdì aṣọ kékeré kan lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń dá lọ. Àgbàlagbà kan ni yóò mú un dé ibẹ̀, yóò jókòó, yóò mu omi, yóò sì ro ọmọ náà fún ẹni tó fẹ́ gbà á: eléyìí kì í jẹ ẹ̀wà, eléyìí máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, eléyìí kì í lè dáhùn bí a bá jágbe mọ́ ọn, èèwọ̀ ilé wọn nìyí, àìsàn tó ṣe é lésìí nìyí. Aṣọ rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kò sí ohun tí ẹni tó gbà á kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí àlejò náà bá fi máa dìde.

Àwa ará Ọ̀fà tilẹ̀ mọ ohun tí ẹrù dídì jẹ́ ju àwọn mìíràn lọ. Ojú ọ̀nà rélùwéè ni ìlú wa wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló sì ti lọ ṣòwò ní Gold Coast kí ó tó di Ghana. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ ní láti yan ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ìyá àgbà kan nínú wọn sọ fún mi pé òun fi igbá aṣọ sílẹ̀, òun fi ìkòkò ìdáná sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ fi sí àyà rẹ̀ ni ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti bébà tí wọ́n kọ orúkọ ẹbí tí wọn yóò wọ̀ sí lọ́dọ̀ lé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana, àpò onílà pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n fi kó ẹrù wọn sì gba orúkọ tí kò bọ́ lára rẹ̀ mọ́: Ghana-must-go. Àpò yẹn náà ni ọmọ wa ń gbé wá sí àgọ́ lónìí. Mo máa ń rántí ìyá àgbà yìí bí mo bá ń tú u wò, nítorí pé nígbà tí ojú pọ́n ọn, ó mọ ohun tó ṣe kókó. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí á máa fi ẹsẹ̀ wa ihò ìrẹ̀. Ìlera àwọn ọmọ àti ẹni tí yóò gbà wọ́n ni ẹran erin lójú rẹ̀.

Kí ló wà nínú àpò náà nísinsìnyí? Ẹ lọ sí ọjà Ọwọ́dé nígbà tí ilé-ìwé bá ti fẹ́ gba ọlidé gígùn, ẹ ó rí i. Indomie páálí kan, kọnfíléèkì, mílìkì, bísíkíìtì, omi inú ike, aṣọ méje fún ọjọ́ méje àti méjì lé e, lọ́fíńdà, ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sí fóònù. Mo ti rí àpò tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè sún rárá, tí awakọ̀ bàbá rẹ̀ ní láti gbé e wọlé fún un. N kò dá àwọn òbí lẹ́bi pé àyà wọn ń já. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n jí gbé ní Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya bo àwọn báńkì ní ìlú wa níhìn-ín, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojúmọmọ. Òbí tó rí irú nǹkan wọ̀nyí kò lè rán ọmọ jáde bí àwọn òbí tiwa ṣe rán wa jáde. Àyà tó ń já yóò wá ibi tí yóò fìdí lé, inú àpò sì ni ó rọrùn jù láti fìdí lé, nítorí pé owó lè ra ohun tó wọ inú rẹ̀.

Ohun tí owó kò rà ni ìjókòó àti ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ wá nísinsìnyí láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Òbí lè wà ní Èkó, Àbújá tàbí London, kí ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Àìsàn kan wà? Kò sí. Oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà? Kò sí. Oògùn tó ń lò lójoojúmọ́? Kò sí. Mo ti ka irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé “kò sí” mẹ́ta tó bá tẹ̀ léra ló máa ń mú mi dìde lọ wá ọmọ náà.

Ọmọbìnrin kan wá sí àgọ́ kan ní ìgbà òjò. Ẹrù rẹ̀ kún fún ohun amúmóoru: súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, kúbúsù méjì. Ike fítámì-sí kan wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì sọ pé ara rẹ̀ le koko. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ṣeré nínú òjò, òun náà wà lára wọn, ta ni ì bá dá a dúró? Ní òru, eegun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dùbúlẹ̀. A rò pé ibà ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fà mí mọ́ra tó sọ ọ́ sí mi létí pé SS ni òun, pé ìyá òun ní òun kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn rẹ̀, folic acid àti Paludrine, ló wà nínú ike fítámì-sí yẹn, wọ́n dà wọ́n síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá mọ SS, ìyẹn àrùn fòníkúfọ̀ladìde, mọ̀ pé òtútù, àìmu omi tó àti àárẹ̀ ni ó máa ń jí ìrora rẹ̀ dìde. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ìyá náà ni ì bá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú òjò. Kúbúsù méjì kò lè ṣe iṣẹ́ gbólóhùn yẹn.

Síbẹ̀, nígbà tí ìyá náà dé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nítorí àìbìkítà. Ó ń rò ó pé kí wọ́n má bàa máa pe ọmọ òun ní àbíkú lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má sì tàn dé ilé tí ọmọ náà lè fẹ́ ọkọ sí lọ́la. Nínú ará Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnìkan ló ní AS, èyí tí SS ti ń wá, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ọkọ àti ilé ìyàwó. Ṣùgbọ́n àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, ẹni tí a kò sì fi àìsàn hàn kò lè wò ó. Bí àṣírí bá pa ìtìjú mọ́ fún ọdún mẹ́wàá, òru kan ṣoṣo lè gba ìdáàbòbò yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó ní ikọ́ fée tún yàtọ̀ sí èyí. Àwọn òbí rẹ̀ sọ fún wa, wọ́n sì fi oògùn tí wọ́n ń fà sínú ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgọ́ ọmọ Ọ̀fà tí ọmọkùnrin kì í ti í gbé ara wọn ṣánlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, èémí rẹ̀ ká a mọ́nú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré lọ tú àpò, oúnjẹ ni ó ń bá, aṣọ ni ó ń bá, oògùn náà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ike omi. Àwa tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ ti ní òmíràn nínú àpótí oògùn wa, ìyẹn ló kó o yọ. Ìfẹ́ ló kó gbogbo ohun wọ̀nyẹn sínú àpò, ìfẹ́ náà ni kò sì ronú pé ohun tó pọ̀ lè bo ohun tó ṣe kókó mọ́lẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń pe àtijọ́ ní ọ̀run. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, ọmọ tó bá tọ̀ sílé ní àgọ́ ni wọ́n máa ń mú kí ó ru ẹní rẹ̀ yí pápá ká kí àwọn yòókù máa kọrin tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yóò fi àkísà ṣe é, yóò sì fi ara pamọ́ títí àgọ́ yóò fi tú. Ọmọ tó ní SS kì í sábà dé àgọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ti kú kí wọ́n tó tó ọjọ́ orí àgọ́, a sì sin wọ́n pẹ̀lú orúkọ tí kò ṣàlàyé ohun tó pa wọ́n. Lónìí, ìyá lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó rìn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn wà nínú ẹrù ọmọ púpọ̀, ọmọbìnrin sì ń mú páàdì wá láìtijú. Èyí jẹ́ ìlọsíwájú tí mo fi ojú mi rí, mo sì dúpẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí ẹní tí wọ́n rù yí pápá ká yóò mọ ibi tí ìdákẹ́ àwọn òbí ti wá. Àwọn ọmọ tó rí i nígbà náà ni òbí òde òní. Wọ́n rí ohun tí àgọ́ fi ọmọ tí àṣírí rẹ̀ tú ṣe, wọ́n sì búra nínú ọkàn wọn pé ti ọmọ tiwọn kò ní tú. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn olórí àgọ́ pé kí wọ́n má ṣe di ẹ̀bi náà ru òbí nìkan. Ẹni a bá lábà ni baba, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ baba lábà gbọ́dọ̀ ní àyà tí ọ̀rọ̀ lè sùn sí. Bí ètè wa kò bá ṣe é fi ọ̀rọ̀ sí, “kò sí, kò sí, kò sí” ni wọn yóò máa kọ fún wa.

Mo rántí ìyá kan tó dé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ àti àpò kékeré kan. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yìí ṣì ń tọ̀ sílé. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ fún yín, àwa méjèèjì ni a jọ fohùn ṣọ̀kan.” Rọ́bà kan àti ìró àlòkù méjì ni ó fi kún ẹrù rẹ̀. A fi ibùsùn ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnìkan nínú wa sì ń jí i lẹ́ẹ̀kan ní òru. Títí àgọ́ fi tú, kò sí ọmọ kankan tó mọ̀. Kí ni mo rí nínú èyí? Ẹrù yẹn ni ó fúyẹ́ jù lọ lọ́dún náà, òun náà ni ó pé jù lọ. Gbólóhùn tó sì wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ ìyá náà ni pé ọmọ rẹ̀ mọ̀. Kò tú àṣírí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọ àìlera rẹ̀ fún ẹni tó yẹ, kí ó sì gbé orí rẹ̀ sókè síbẹ̀.

Èyí mú mi dé orí ìbéèrè kan tí àwọn òbí kì í sábà bi ara wọn: ta ni ó yẹ kó di ẹrù náà? Mo rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti di aṣọ rẹ̀ ní ìdì méje, tí wọ́n sì kọ orúkọ ọjọ́ sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan. Òjò pa aṣọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀. Ó jókòó nínú aṣọ tútù, ó ń gbọ̀n, nítorí pé aṣọ ọjọ́ Rú ni ìdì tó kàn, ọjọ́ Rú kò sì tíì dé. Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ, iwájú ni ó máa ń wà ní kíláàsì. Ẹlòmíràn ni ó ti ronú fún un dé òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí i ti di ẹrù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbàgbé táwẹ̀lì, ó gbàgbé ṣíbí, àmọ́ ó mú ìró ìyá àgbà rẹ̀ kan dání. Ìró yẹn ni ó fi nura, òun ni ó fi bora, òun ni ó sì fi bo òun àti ọ̀rẹ́ tuntun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ tó yá a ní ṣíbí ni. Ká ní kò gbàgbé ṣíbí ni, bóyá wọn kì bá tí sọ̀rọ̀ rí.

Mo gbà pé kí ọmọ di aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì gbàgbé ohun tó bá máa gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan kò gùn tó láti pa ẹni tó gbàgbé táwẹ̀lì lára, ó sì gùn tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí a sábà máa ń fi bá ọmọdé wí, tó sì tọ́ kí á fi bá àgbà náà sọ̀rọ̀: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ lè mọ iye aṣọ tó ní. Kò lè rántí gìrì tó ṣe é nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì, tàbí oògùn tó mú ara rẹ̀ wú nígbà kan. Òbí ló ni àkísà yẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ náà pín sí méjì láàárín wọn: kí ọmọ kó aṣọ, kí òbí mú ìtàn ọmọ náà wá. Ohun tí mo ń rí lónìí ni pé òbí gba iṣẹ́ ọmọ ṣe, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ láìṣe.

Oúnjẹ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Mo ti wà ní àgọ́ tí ọmọ kan ti ń jẹ kọnfíléèkì lábẹ́ kúbúsù lóru, tí ẹnìkejì rẹ̀ lórí ẹní kan náà sì ń gbọ́ ìró ẹnu rẹ̀, gàárì àti kúlíkúlí nìkan ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sùn dáadáa. Ẹni tí kò ní ń jowú, ẹni tó ní ń bẹ̀rù kí wọ́n má rí òun. Nígbà tí a kó gbogbo oúnjẹ ilé jọ sórí tábìlì kan lọ́jọ́ kejì, tí a ń pín in láàárọ̀, ọlọ́mọ kan fi fóònù bá wa jà pé a gba oúnjẹ ọmọ òun. Ọmọ náà kò bá wa jà. Gàárì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n da mílìkì rẹ̀ sí ni ó ń jẹ, inú rẹ̀ sì dùn. Òbí tó di oúnjẹ tó tó ọmọ kan ṣoṣo ti sọ fún ọmọ náà, láìfẹnu sọ ọ́, pé kò sí ẹlòmíràn níbi tó ń lọ.

Fóònù sì ti wá dàpọ̀ mọ́ ẹrù náà. Láti 2001 tí GSM ti dé, àwọn òbí kan ti gbà pé bí ọmọ bá ti ní fóònù nínú àpò, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù lè jẹ́ kí òbí gbọ́ pé ara ọmọ kò yá. Kò lè sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà ohun tó yẹ kó ṣe kí òbí tó dáhùn. Lóru tí mo fi wà pẹ̀lú ọmọbìnrin tí eegun ń dùn yẹn, a pe nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù títí, kò wọlé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àgọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni òde àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń dé láìsí òbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni polí tàbí yunifásítì, lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀, tó ti wà láti 1973, tí àwọn tí wọ́n bá rán sí Kwara yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àgọ́ ní Yikpata pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun àti bàtà kan náà fún gbogbo wọn. Níbẹ̀, kò sí ìyá tí yóò da oògùn sínú ike mìíràn. Ọ̀dọ́ tí kò tíì kọ́ láti sọ fún nọ́ọ̀sì pé “báyìí ni ara mi ṣe rí” yóò wà nínú ewu níbẹ̀ bó ti wù kí àpò rẹ̀ kún tó. Ẹ̀ṣọ́ tí mo fẹ́ kí ọmọ kó jáde nílé ni kí ó mọ ara rẹ̀, kí ó lè sọ ọ́, kí ó sì gbà pé ẹnìkan wà tó yẹ ní sísọ fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ di ẹrù ọmọ yín ní ọlidé tó ń bọ̀, ẹ fi ìdajì owó bísíkíìtì wọ ọkọ̀, kí ẹ fúnra yín mú un wá. Bí ẹ kò bá sí nílé, ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tó kàn lè gbé àpò. Ẹ̀yin olórí àgọ́, ẹ dín owó àsíá àti ẹ̀wù onílẹ́tà kù, kí ẹ gba nọ́ọ̀sì kan, kí ẹ sì ya ibì kan sọ́tọ̀ níbi tí òbí ti lè jókòó sọ̀rọ̀ tí etí kẹta kò ní gbọ́. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni òwe yìí, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọ̀kan nínú igba ojú náà. Ṣùgbọ́n igba ojú kò lè wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn wọ́n, iṣẹ́ ojú kan tó bí ọmọ náà ni kí ó fi í hàn.